Èébì àti ìgbẹ́ olómi lára ọmọ oṣù 18: kí là ń ṣe nílé, ìgbà wo la sì ń gbé e jáde?

Ìyá_Kékeré

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́.

Ọmọ oṣù 18 ni, 10 kg. Ó ti bì lẹ́ẹ̀marùn-ún láti òru àná. Láti àárọ̀ yìí ó ti ṣu lẹ́ẹ̀mẹrin, omi lásán ni. Ìgbóná ara ẹ̀ jẹ́ 38.1. Kò sẹ́jẹ̀ nínú ìgbẹ́, èébì ẹ̀ kò sì ní àwọ̀ ewé. Mílíìkì tó ti dì àti omi funfun ni. Tó bá ń sunkún, omi ń jáde lójú ẹ̀. Ó ṣì ń mu ọmú, ó sì ti ń jẹun dáadáa tẹ́lẹ̀.

ORS, ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi, wà nílé, àmọ́ bó ṣe ń mu ún tán ló ń bì í. Báwo la ṣe ń ṣe é tó fi máa dúró nínú? Mélòó ló yẹ kó wọlé? Ṣé kí n dá ọmú dúró ná? Àti pé kí ni màá rí tí màá fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ilé?

Nọ́ọ̀sì_Èwe

Ẹ kú ìtọ́jú, Ìyá wa. Kò sí nǹkan tó ṣe ORS yẹn, bó ṣe ń wọlé ni. Òùngbẹ ń gbẹ ọmọ, wọ́n gbé ife sí i lẹ́nu, ó mu ún láì mí, 100 ml balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sínú ikùn tínú ń bí. Ikùn nà, ó tú u jáde. Ẹni tó bá rí i á ní ọmọ náà kò gba ORS. Ká ní 100 ml yẹn kan náà wọlé díẹ̀díẹ̀ láàárín wákàtí kan ni, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ni ì bá dúró.

Ẹ gbé ife àti ìgò kúrò níbi tójú ẹ̀ ti lè tó o. Ẹ wá ṣíbí tíì, tàbí sírínjì 5 ml tí kò ní abẹ́rẹ́ lórí. Sírínjì ló sàn jù torí pé kò ṣeé dà nù, ẹ sì mọ iye tó wọlé. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bì tán, ẹ nu ẹnu ẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ìṣẹ́jú 10 kọjá láìfún un ní ohunkóhun. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e jókòó sórí itan yín kí orí ẹ̀ ga. Ẹnu sírínjì ò gbọdọ̀ dojú kọ ọ̀fun o. Ẹ tì í sí ẹ̀gbẹ́, láàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti eyín. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́: 1 ml, ẹ dúró kó gbé e mì, 1 ml mìíràn, títí 5 ml á fi tán. Ẹ wo aago. Tí ìṣẹ́jú 5 bá pé, 5 ml mìíràn. Tí wákàtí kan bá fi máa kọjá, 60 ml ti wọlé, ikùn ò sì mọ̀ pé ẹnì kan fún òun ní nǹkan.

Tí wákàtí yẹn bá lọ tí kò bì, ẹ sún un sí 5 ml ní ìṣẹ́jú méjì-méjì. Ìyẹn 150 ml ní wákàtí kan. Tíyẹn náà bá dúró, ẹ lè máa fi ife kékeré fún un ní 20 tàbí 30 ml lẹ́ẹ̀kan. Tó bá tún bì láàárín kan, ẹ má jáyà: ẹ sinmi ìṣẹ́jú 10, kẹ́ ẹ padà sí bó ṣe rọra ń lọ tẹ́lẹ̀. Èébì máa ń dà bíi pé gbogbo ẹ̀ ló jáde, nítorí 50 ml tó dà sórí aṣọ, bí agbada omi ló ń rí lójú òbí. Apá tó pọ̀ nínú ohun tó mu ti máa ń kọjá sínú ìfun kó tó bì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni wákàtí kejì. Ọmọ ò bì mọ́, ojú ẹ̀ là, ó ń nawọ́ sí ife, àánú á ṣe wọ́n, wọ́n á gbé e fún un. Láìpẹ́, gbogbo ẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sunkún díẹ̀.

Ní ti iye: tí omi ara ọmọ ò bá tíì gbẹ, ohun tó jáde lẹ̀ ń dá padà. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, 50 sí 100 ml lẹ́yìn ìgbẹ́ olómi kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ti pé ọdún méjì, 100 sí 200 ml. Lẹ́yìn èébì kọ̀ọ̀kan, nǹkan bíi 2 ml fún kílò kan, ìyẹn 20 ml fún ọmọ yín. Orí ohun tó ń mu lójoojúmọ́ lèyí wà o, kò rọ́pò ẹ̀. Tí àmì pé omi ara ti ń gbẹ bá ti yọjú, ìṣirò yí padà: 75 ml fún kílò kan láàárín wákàtí 4. Fún ọmọ 10 kg, 750 ml nìyẹn, tàbí bíi 6 ml ní ìṣẹ́jú méjì-méjì. Èyí ò yẹ kẹ́ ẹ dá ṣe láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ ìlera ti fojú kan ọmọ náà.

Ọmú ńkọ́? Ẹ má dá a dúró rárá. Ẹ fún un fún ìṣẹ́jú 3 sí 5, ẹ gbà á lẹ́nu ẹ̀, kẹ́ ẹ tún fún un tó bá yá. Àwọn tó ń lo mílíìkì agolo, kí wọ́n máa pò ó bí wọ́n ṣe ń pò ó tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n má bu omi là á.

Ẹ lẹ bébà kan mọ́ ògiri, kẹ́ ẹ máa kọ ọ́: aago, ml tó wọlé, èébì, ìgbẹ́, ìtọ̀. Tó bá di aago mẹ́ta òru, kò sẹ́ni tó ń rántí bóyá ẹ̀ẹ̀mẹta ni tàbí ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Tó bá sì di pé ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín nìyẹn.

Apòògùn_Kan

Ohun tí Nọ́ọ̀sì sọ tọ̀nà. Ẹ jẹ́ ká wo inú ife náà fúnra ẹ̀ wàyí, torí àṣìṣe tó ń ṣe ọmọ ní jàǹbá jù, ibi ìpòpọ̀ ló ti ń ṣẹlẹ̀.

Àpò ORS ò dọ́gba. Ọ̀kan wà fún 200 ml omi, òmíràn fún 500 ml, òmíràn fún lítà 1. Ẹ ka iye tó wà lára ẹ̀ kẹ́ ẹ tó já a. Ẹni tó bá da ti lítà 1 sínú 500 ml ti sọ iyọ̀ inú ẹ̀ di ìlọ́po méjì. Òùngbẹ á túbọ̀ máa gbẹ ọmọ, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ sì lè ga débi tí gìrì á fi gbé e. Ẹni tó da ti 200 ml sínú lítà 1 ti sọ agbára ẹ̀ di ìdá kan nínú márùn-ún. Ó kù díẹ̀ kó di omi lásán. Omi lásán nìkan láti àárọ̀ dalẹ́ náà léwu fún ọmọ tó ń ṣu gbuuru, torí iyọ̀ ara ẹ̀ á wálẹ̀ jù, ìyẹn náà sì lè fa gìrì. Ẹ má bu ìdajì ìyẹ̀fun pamọ́ torí pé ọmọ kéré: iyọ̀ àti ṣúgà kì í pín dọ́gba nínú àpò. Ẹ da gbogbo ẹ̀ sínú iye omi tí wọ́n kọ, kẹ́ ẹ bu èyí tẹ́ ẹ fẹ́ níbẹ̀.

Láti 2002 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń dámọ̀ràn ORS tí wọ́n dín iyọ̀ àti ṣúgà ẹ̀ kù. Nínú lítà 1 ẹ̀: 2.6 g iyọ̀, 13.5 g glucose, 1.5 g potassium chloride, 2.9 g trisodium citrate. Adùn kọ́ ni ṣúgà ibẹ̀ wà fún. Fáírọ́ọ̀sì tó sábà máa ń fa irú ìgbẹ́ báyìí ti ba ojú ìfun jẹ́, àmọ́ ilẹ̀kùn kan ṣì ń ṣí lára ẹ̀, èyí tí glucose àti sodium inú iyọ̀ jọ ń gbà wọlé. Ọ̀kan ò lè gba ibẹ̀ láìsí èkejì. Táwọn méjèèjì bá ti wọlé, omi á tẹ̀ lé wọn. Ìdí nìyẹn tí ìwọ̀n fi ṣe pàtàkì: ṣúgà tó bá pọ̀ jù kò ní ráàyè wọlé tán, èyí tó ṣẹ́ kù sínú ìfun á wá máa fa omi jáde látinú ara, ìgbẹ́ á sì le sí i.

Omi tẹ́ ẹ ti sè tó sì ti tutù ni kẹ́ ẹ lò. Tẹ́ ẹ bá ti pò ó tán, ẹ má gbé e kaná mọ́, torí omi á gbẹ, iyọ̀ á kù. Ẹ má fi mílíìkì, omi èso tàbí ṣúgà kún un. Kó wà nínú ohun tó ní ìdérí, nínú fíríìjì. Tí wákàtí 24 bá pé, ẹ dà á nù, bó ti wù kó ṣẹ́ kù tó.

Tí ORS ò bá sí lárọ̀ọ́wọ́tó, lítà 1 omi mímọ́, ṣíbí tíì 6 ṣúgà, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Ẹ bù ú, kẹ́ ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí ṣíbí náà kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ṣíbí tí iyọ̀ orí ẹ̀ ṣe ṣóńṣó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì, ojú ò sì lè mọ̀ ọ́n lẹ́yìn tó bá ti yòrò. Iyọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi sí i, kẹ́ ẹ tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ tó fi ṣúgà sí i: kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Tó bá jù ú lọ, ẹ dà á nù kẹ́ ẹ tún òmíràn ṣe. Kò ní potassium, nítorí náà àfidípò ni títí tẹ́ ẹ máa fi rí àpò ORS.

Baba_Ìbejì

Mo kí gbogbo yín. Ìbéèrè tèmi ò pọ̀. Ṣé kò ní dáa ká jẹ́ kí ikùn ọmọ náà ṣófo fún ọjọ́ kan kó fi sinmi? Ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n ti jẹ́ kí ìfóòfó ẹ̀ lọ ńkọ́, torí ọ̀pọ̀ ló ń fún ọmọ? Àti oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró?

Nọ́ọ̀sì_Èwe

Ẹ kú ìbéèrè, Baba Ìbejì. Ìfun ò nílò ààwẹ̀. Oúnjẹ tó bá kọjá nínú ẹ̀ ni ojú ìfun fi ń tún ara ẹ̀ ṣe, ebi máa ń fa ìwòsàn sẹ́yìn ni. Tí ORS bá ti ń dúró fún nǹkan bíi wákàtí 4, kí oúnjẹ tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ padà wá, díẹ̀díẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà: ìrẹsì, ọ̀dùnkún, búrẹ́dì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, adìyẹ sísè, ẹyin. Epo díẹ̀ ò burú. Tó bá jẹ ṣíbí méjì tó ní òun ò jẹ mọ́, ẹ gbé e kúrò. Ọmọ lè máà jẹun fún ọjọ́ kan kó má ṣe é ní nǹkan. Omi ni kò gbọdọ̀ yẹ̀.

Ọtí ẹlẹ́rìndòdò ní tó 100 sí 110 g ṣúgà nínú lítà 1. Ẹ fi wé 13.5 g tí Apòògùn kọ sókè yẹn. Sodium inú ẹ̀ ò sì tó nǹkan kan. Ìfóòfó ló lọ, ṣúgà ò lọ síbì kankan. Omi èso tí wọn ò bu omi là, àbúrò ẹ̀ ni.

Apòògùn_Kan

Ẹ jẹ́ kí n mú ti oògùn.

Èyí tó ń dá ìgbẹ́ dúró, irú loperamide, kì í ṣe ti ọmọdé. Ó ń dá ìfun dúró láìpa ohun tó ń fa ìgbẹ́. Ikùn ọmọ lè wú kó le, oorun òdì lè gbé e lọ, omi á sì máa sun sínú ìfun níbi tẹ́ ò ti rí i, ẹ ó ro pé ó ti ń sàn. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, èèwọ̀ pátápátá ni.

Oògùn apakòkòrò ò ran fáírọ́ọ̀sì. Ohun tó sábà máa ń ṣe ni kó fi ìgbẹ́ kún ìgbẹ́.

Ní ti ara gbígbóná: 38.1 fúnra ẹ̀ ò béèrè oògùn tí ara ọmọ bá fúyẹ́. Tí inú ẹ̀ ò bá dùn, paracetamol, 10 sí 15 mg fún kílò kan, ìyẹn 100 sí 150 mg fún 10 kg. Kó tó wákàtí 6 láàárín ọ̀kan sí èkejì, kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín wákàtí 24. Ẹ ka ara ìgò o. Ọ̀kan wà tí 5 ml ẹ̀ jẹ́ 120 mg, òmíràn wà tí 5 ml ẹ̀ jẹ́ 250 mg. Ṣíbí kan náà, ìlọ́po méjì oògùn. Èyí tí wọ́n ń kán sọ́mọ ìkókó lẹ́nu tún le ju méjèèjì lọ. Ẹ yẹra fún ibuprofen títí omi ara ẹ̀ á fi padà sípò, torí ó lè ba kíndìnrín tí omi ò tó jẹ́. Aspirin kò gbọdọ̀ kan ọmọdé lẹ́nu. Àjọṣe ẹ̀ pẹ̀lú àìsàn fáírọ́ọ̀sì lè ba ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ jẹ́.

Oògùn kan wà tó ń dá èébì dúró, ondansetron. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni dókítà sábà máa ń fún ọmọ, kí ORS lè ráyè dúró. Òun ló máa pinnu, kì í ṣe òbí. Síńkì náà: láti 2004 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF ti ń dámọ̀ràn 20 mg lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14, 10 mg fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6. Kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ni wọ́n ti ń lò ó, ẹ béèrè. Ẹ má fún un lórí ikùn òfìfo, ó ń ru èébì sókè.

Dókítà_Ọmọdé

Ìyá Kékeré, omijé tó ń jáde jẹ́ àmì rere. Ìbéèrè yín tó kẹ́yìn ni mo fẹ́ dáhùn.

Ìtọ̀ ni ìròyìn àkọ́kọ́. Ọmọ tí kò tọ̀ fún wákàtí 8, ẹ pe dókítà. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ìgbẹ́ olómi àti ìtọ̀ máa ń dà pọ̀ nínú ìlédìí tí wọ́n ń lò sọnù, gbogbo ẹ̀ á wúwo, ẹ ò ní mọ èyí tó jẹ́ èwo. Ẹ ká òwú funfun tàbí bébà ìnujú síwájú ìlédìí náà, níbi tí ìtọ̀ ti ń jáde. Ẹ tú u wò: tó bá tutù tó sì ní àwọ̀ ìtọ̀, ó tọ̀. Tó bá gbẹ tí ẹ̀yìn sì kún fún omi, ìgbẹ́ nìkan nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹnu àti ahọ́n bóyá ó ti gbẹ, kẹ́ ẹ wo ojú bóyá ó ti jìn sínú ju bẹ́ ẹ ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ọmọ tí àwùjẹ ẹ̀ ò tíì dí, ẹ fọwọ́ kàn án nígbà tó jókòó tí kò sunkún. Tó bá ti wọnú, omi ara ti dín kù. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ fa awọ ikùn, ní àárín ìdodo àti ẹ̀gbẹ́ ikùn, kẹ́ ẹ fà á ní òró, kì í ṣe ní ìbú. Ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ fi sílẹ̀. Ó yẹ kó padà lójú ẹsẹ̀. Tójú yín bá tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń rọra padà, omi ara ti ń gbẹ. Tó bá lé ní ìṣẹ́jú-àáyá 2 kó tó tẹ́, ó ti le gan-an, ẹ dìde nísinsìnyí. Lára ọmọ tó sanra jù tàbí tó rù jù, àmì yìí lè tan yín jẹ.

Àwọn tí kì í dúró dọ̀la: ọmọ tó ń sùn tí ò ṣeé jí dáadáa tàbí tó rọ jọwọlọ, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó tutù tí awọ ẹ̀ sì ń ṣe àbàwọ́n-àbàwọ́n, mímí tó yára tó sì jìn, gìrì, ọrùn tó gan, èébì aláwọ̀ ewé, torí òróòro nìyẹn, ìfun lè ti dí, ẹ̀jẹ̀ nínú èébì tàbí ìgbẹ́, ikùn tó le bíi pákó, ìrora tó ń mú un lọ́wọ̀ọ̀wọ́ tó ń mú un fa ẹsẹ̀ mọ́ra. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 3 tí ara ẹ̀ gbóná dé 38, lọ́jọ́ kan náà. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, ẹ má fi tiẹ̀ falẹ̀ rárá. Kò ní omi tó pọ̀ lára tó lè pàdánù. Àti ọmọ tí ORS ò dúró nínú ẹ̀ rárá lẹ́yìn wákàtí 4 tẹ́ ẹ ti fi sírínjì ṣe é bó ṣe yẹ.

Ohun kan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn: èébì láìsí ìgbẹ́ olómi tó kọjá ọjọ́ kan, ẹ má sọ pé ikùn ni dandan. Àìsàn inú ọ̀nà ìtọ̀, appendix (ẹ̀ka kékeré lára ìfun) tó wú, àní ìtọ̀ ṣúgà lè bẹ̀rẹ̀ báyẹn. Ọmọ tó ń bì, tó ń gbẹ, síbẹ̀ tó ń tọ̀ bí ẹni pé omi ò wọ́n lára ẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ rò.

Èyí tó wà lọ́wọ́ yín yìí jọ ti fáírọ́ọ̀sì rotavirus tàbí norovirus. Kò bá ọ̀fìnkìn tan rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì máa ń pè é ní “stomach flu”. Ìlú Melbourne ni Ruth Bishop àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ti rí rotavirus lára ọmọ tó ń ṣu gbuuru, ní 1973. Norovirus gba orúkọ ẹ̀ láti Norwalk, ìlú kan ní Ohio tí àìsàn ti bẹ́ sílẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ ní 1968. Àjẹsára rotavirus wà, ẹnu ni wọ́n ń kán an sí. Ti norovirus ò tíì sí fún aráàlú. Èébì sábà máa ń dáwọ́ dúró láàárín ọjọ́ 1 sí 2, ìgbẹ́ láàárín ọjọ́ 5 sí 7.

Ìyá_Kékeré

Ẹ ṣeun gan-an. Sírínjì ti ń ṣiṣẹ́: wákàtí mẹ́ta, kò bì, òwú sì tutù lẹ́ẹ̀kan. Ó ti wá ń pa ẹnu dé nísinsìnyí tó bá rí ORS. Ìdí ẹ̀ pọ́n, ó ń ké tá a bá nù ún. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́rin sì wà nínú ilé, mi ò fẹ́ kó kó o.

Nọ́ọ̀sì_Èwe

Ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ kì í sábà kọ ORS. Nígbà tí ara ẹ̀ bá ti ń padà sípò ni iyọ̀ ẹ̀ máa ń kọ̀ ọ́ lẹ́nu. Torí náà, tí ìtọ̀ bá ń jáde tí ara ẹ̀ sì jí pépé, ẹ jẹ́ kí ọmú ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà, kẹ́ ẹ fi ORS sí ẹ̀yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kó tutù dáadáa, ó máa ń rọrùn lẹ́nu ju èyí tó lọ́wọ́ọ́wọ́ lọ. Ẹ tún lè jẹ́ kó di yìnyín, kẹ́ ẹ wá fi ṣíbí ha á sí i lẹ́nu bíi iyanrìn tútù. Ẹ má fún un ní odindi yìnyín, ó lè há a lọ́fun.

Ìdí tó pọ́n: ẹ yéé nù ún. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ dà sí i tàbí kẹ́ ẹ rọ́ ọ sínú bàsíà, ẹ fi aṣọ rírọ̀ tẹ̀ ẹ́ gbẹ láìfi ra á. Kí ìdí ẹ̀ wà ní ìta fún ìṣẹ́jú 10, lẹ́yìn náà ìpara tó ní zinc oxide, kó nípọn débi tẹ́ ò fi ní rí awọ lábẹ́ ẹ̀. Tí ìgbẹ́ bá dé, ẹ kó ìgbẹ́ kúrò lórí ìpara, kẹ́ ẹ fi òmíràn lé e. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ bó gbogbo ẹ̀ kúrò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa pààrọ̀ ìlédìí lóru náà. Tí róró pupa kéékèèké bá ń yọ létí ibi tó pọ́n, tó sì wọ inú ìṣẹ́po awọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fúńgáàsì, ìpara tirẹ̀ yàtọ̀.

Olùtọ́jú_Jẹ́léósinmi

Ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló kàn mí. Norovirus ń fara hàn láàárín wákàtí 12 sí 48, nítorí náà lónìí sí ọ̀túnla lẹ máa mọ̀.

Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn, ìṣẹ́jú-àáyá 20, abẹ́ èékánná náà. Oògùn ọwọ́ tó jẹ́ ọtí kò tó fún norovirus, ẹ má gbára lé e. Tí ọmọ bá bì sílẹ̀: ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ mú ẹ̀gbọ́n ẹ̀ jáde kúrò nínú yàrá, ẹ fi bébà ìnuwọ́ bò ó, kẹ́ ẹ kó o láti etí wá sí àárín. Ọṣẹ ló kàn. Bílíìṣì ló kẹ́yìn, kì í ṣe òun ló ń ṣáájú, torí ìdọ̀tí máa ń pa agbára ẹ̀. Bílíìṣì tó jẹ́ 5%, 20 ml, kẹ́ ẹ fi omi kún un títí dé lítà 1. Kí ilẹ̀ tutù pẹ̀lú ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 ó kéré tán kẹ́ ẹ tó ṣàn án. Lójoojúmọ́ ni kẹ́ ẹ po tuntun. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má dà á mọ́ ọṣẹ ìfọ-ṣáláńgá tàbí ọtí kíkan. Èéfín tó ń jáde níbẹ̀ ń pa èèyàn. Ohun táwọn èèyàn máa ń gbàgbé ni ọwọ́ ilẹ̀kùn, ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kí omi ṣàn nílé ìgbẹ́, rìmóòtì àti fóònù.

Aṣọ tó ti dọ̀tí, ẹ má gbọ̀n ọ́n. Ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, 60°C tí aṣọ náà bá gbà. Kó má padà sáàárín àwọn ọmọ mìíràn títí wákàtí 48 á fi pé lẹ́yìn èébì tàbí ìgbẹ́ olómi tó ṣe kẹ́yìn. Ẹ kà á láti ìgbà tó dáwọ́ dúró o, kì í ṣe láti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Odò ìlúwẹ̀ẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì, torí fáírọ́ọ̀sì ṣì máa ń wà nínú ìgbẹ́ lẹ́yìn tí ara bá ti yá.

Ìyá_Kékeré

Ọjọ́ kẹfà rèé. Èébì ti lọ tipẹ́, ó ń ṣeré. Ìgbẹ́ ṣì rọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, ó ń fóòfó, ó sì ń rùn kíkan. Àwọn àbúrò mi ní kí n gba ọmú lẹ́nu ẹ̀.

Dókítà_Ọmọdé

Ẹ má gbà á. Ojú ìfun tí fáírọ́ọ̀sì họ ni ibi tí ara ti ń ṣe ohun tó ń fọ́ ṣúgà inú mílíìkì. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó hù padà. Ṣúgà tí kò fọ́ á ṣẹ́ kù nínú ìfun, kòkòrò ibẹ̀ á jẹ ẹ́, ìfóòfó àti òórùn kíkan nìyẹn. Tó bá ń jẹun, tó ń ṣeré, tó sì ń tọ̀, ọmú ni kẹ́ ẹ máa fún un lọ, kẹ́ ẹ dín mílíìkì mìíràn àti ohun dídùn kù ná. Ẹ wọ̀n ọ́n lónìí, ẹ tún wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ mẹ́ta sí i: ó yẹ kó máa padà sí 10 kg. Tó bá ń fọn, tàbí tó di ọjọ́ 14 tí ìgbẹ́ ò tíì dì, ẹ gbé e wá, kẹ́ ẹ bu ìgbẹ́ náà dání nínú ike tó mọ́ tó ní ìdérí, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣu láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.